Àwọn Tó Ń Padà Wá Sídìí Tábìlì Omi

Bí oṣù kejì ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ará ilé mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ mi ló máa ń dá a sílẹ̀: "Ìyá olómi ọ̀fẹ́, ọjà yín tún ti dé o." Àwọn ọmọ á sì gbè é. Ó yé wọn pé èèyàn lè lọ lẹ́ẹ̀kan, kó lọ wo bí nǹkan ṣe rí. Ohun tí kò yé wọn ni pé kí olúwarẹ̀ tún padà lọ, kó jí láago mẹ́ta òru, kó dúró títí oòrùn á fi mú un lórí, kó má sì mú kọ́bọ̀ bọ̀ wálé.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe olórí tábìlì omi kan, ibi tí a ti ń na omi sí àwọn tó ń sáré, níbi eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Èkó, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Lagos City Marathon. Èmi ni mo ń kó àwọn fọlọ́ńtíà, ìyẹn àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láìgbowó, tó ń dúró nídìí tábìlì náà jọ. Kí n má purọ́, ẹni tuntun kì í wọ́n mi. Ẹ sáà ti sọ pé jẹ́sì wà níbẹ̀, ẹ ó rí èrò. Ẹni tó wá lọ́dún tó kọjá tó tún wá lọ́dún yìí ni mò ń wá kiri, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀ tí eré bá ku ọ̀la. Ohun tí mo sì ti rí ni pé ohun tó gbé èèyàn wá nígbà àkọ́kọ́ kọ́ ló ń gbé e padà wá. Ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún, àwọn tó ń ṣètò ìdíje sì sábà máa ń náwó sórí ti àkọ́kọ́ nìkan.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Bí mo bá bi àwọn ẹni tuntun pé kí ló gbé wọn dé, ìdáhùn wọn kì í jìnnà síra. Àgùnbánirọ̀ fẹ́ sátífíkéètì tó máa tò mọ́ CV rẹ̀. Ọmọ yunifásítì fẹ́ jẹ́sì àti fìlà. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi láìfi bọpo bọyọ̀ pé nítorí fọ́tò tóun máa gbé sórí Instagram ni. Àwọn kan fẹ́ fojú ara wọn rí àwọn ará Kẹ́ńyà àti Etiópíà tó sábà máa ń gba ipò kìíní. Ẹlòmíì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ dání. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìkankan. Èmi alára, ìdí tí mo fi kọ́kọ́ yà síbẹ̀ ni pé wọ́n ti títì, mi ò sì rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sọ́jà. Ṣómólú ni mò ń gbé, títì Ìkòròdù kò jìnnà sí wa. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àwọn tó ń sáré, ẹnì kan sì gbé páálí omi lé mi lọ́wọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ̀mí, ẹ bá wa tú u."

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú ìdí bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti ní jẹ́sì ti ní jẹ́sì. Ẹni tó ti rí ará Kẹ́ńyà lè wo tọdún tó ń bọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá, pẹ̀lú ẹ̀kọ àti àkàrà. Sátífíkéètì kejì kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń jí láago mẹ́ta òru nítorí rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tó ń dá wọn padà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, nítorí àwọn tí kò bá dé ibẹ̀ rí máa ń rò pé ká sáà na omi séèyàn ni. Ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré yìí. Láti pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba títì Ìkòròdù, wọ́n á gun afárá Third Mainland, wọ́n á la Ìkòyí kọjá dé Lẹ́kí, kí wọ́n tó parí rẹ̀ sí Eko Atlantic lẹ́bàá òkun. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Òfin eré ojú títì ní kí omi wà ní nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún márùn-ún. Ìkòyí ni tábìlì tèmi wà báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá. Afárá yẹn gùn ju kìlómítà 11 lọ, kò sí igi, kò sí ibòòji, ọ̀sà ló yí i ká. Bí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ètè ẹlòmíì á ti bó.

Tábìlì àwọn àgbà sárésáré, ìyẹn àwọn ògbóǹtagí tó ń lé ipò kìíní, dá dúró lọ́tọ̀. Ohun mímu tí oníkálukú pò fúnra rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, wọ́n á ti lẹ téèpù aláwọ̀ mọ́ ike ẹnì kan, wọ́n á ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ti ẹlòmíì, kó lè dá a mọ̀ lókèèrè. Àwọn tí wọ́n yàn nìkan ló ń ṣọ́ ọ, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òfin tún wà fún ibi téèyàn lè dúró sí: ẹ̀yìn tábìlì, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má jù mítà kan lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ bọ́ síwájú tábìlì, ẹ ò gbọdọ̀ bá eléré sáré. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù lè kó bá sárésáré láìmọ̀, nítorí náà ni mo ṣe máa ń fi àwọn tí kò fẹ́ràn ariwo síbẹ̀.

Tábìlì gbogbo èrò ni tiwa. Ike omi yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń dì mú gírígírí. Ìka mẹ́ta lẹ máa fi gbá ìdí rẹ̀ mú, ẹ ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí òkè rẹ̀ lè ṣófo fún ẹni tó ń bọ̀ láti já gbà. Ẹ máa ti tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀, ẹ ò ní ṣí i tán. Tó bá jẹ́ píọ̀ wọ́tà ni, etí ọ̀rá lẹ máa dì mú, kí igun kan yọ síta tó máa fi eyín ya. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá àti ike tó bọ́ sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, títì á ti kún, ọ̀rá tó tutù lórí ọ̀dà títì sì ń yọ̀ bí ilá. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti sáré ọgbọ̀n kìlómítà bá yọ̀, iṣan rẹ̀ lè fà, ó parí fún un nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ní àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju ìgbálẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é.

Àwọn tó ṣíwájú kì í wo ojú yín. Kìlómítà kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ ni wọ́n fi ń sá a. Kí ẹ tó sọ pé "ẹ kú iṣẹ́", wọ́n ti lọ, ẹ ó kàn gbúròó bàtà wọn ni. Àwọn fọlọ́ńtíà tuntun á pariwo, wọ́n á ya fídíò, lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ á wá rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé eré ti parí. Àwọn ará Kẹ́ńyà ti lọ, kí la tún ń dúró ṣe? Àwọn mìíràn á ti máa bèèrè ibi tí ońjẹ wà.

Lẹ́yìn aago mẹ́wàá ni mo ti ń mọ ẹni tó máa padà wá. Àkókò yẹn ni àwọn tí kò yára ń dé: òṣìṣẹ́ báńkì tó ti sanra, obìnrin tó fi ìró lé ṣòkòtò, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ń fa ara wọn, àwọn àgbà. Àwọn wọ̀nyí ń dúró. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní kí ẹ bá wọn da omi sí orí. Lọ́dún kan, àgùnbánirọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, fóònù rẹ̀ ló ń tẹ̀. Bàbá kan dé tó so aṣọ mọ́ orúnkún, kò sáré mọ́, ìrìn ló ń rìn. Ó gba omi, ó mu ún tán, ó gba òmíràn. Ó wá bi ọmọ náà pé kí lorúkọ rẹ̀, ta ló bí i, ìlú wo ló ti wá. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Bí mo bá tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti máa mu omi." Ó sì ń rìn lọ. Nígbà tí àsìkò ọmọ náà pé tí mo ní kó máa lọ jẹun, ó ní rárá, òun fẹ́ dúró títí ẹni tó kẹ́yìn á fi kọjá.

Lọ́dún kejì, ó ti parí àgùnbánirọ̀, ó sì ti ríṣẹ́ sí Ìbàdàn. Owó ara rẹ̀ ló fi wọkọ̀ wá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mọ̀mí, mo fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá yẹn máa tún sáré ni." Bàbá sáré. Ó tilẹ̀ pẹ́ ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Bí wọ́n sì ṣe kí ara wọn, ẹ ó rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ọ̀dọ̀ èèyàn ni èèyàn ń padà sí. Mi ò tíì rí ẹni tó padà wá nítorí orúkọ ìdíje, tàbí nítorí ilé iṣẹ́ tó gbé owó kalẹ̀, bó ti wù kí pátákó ìpolówó wọn tóbi tó. Wọ́n ń padà sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ dúró, sọ́dọ̀ olórí tó mọ orúkọ wọn, tàbí sọ́dọ̀ bàbá kan tó so aṣọ mọ́ orúnkún.

Ìkejì rẹ̀ ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ní ìrírí kan tó korò. Ìdíje kan wà tí mi ò ní dárúkọ, kì í ṣe ti Èkó. Èmi àti àwọn mélòó kan láti àdúgbò wa la jọ lọ. Wọ́n kó fọlọ́ńtíà jọ ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ fíìfíì, bóyá kí fọ́tò lè kún. Wọ́n fún wa ní jẹ́sì àti káàdì tí a gbé kọ́rùn, wọ́n tò wá sẹ́nu géètì. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí a máa ṣe. Ọkùnrin kan tó mú rédíò alágbèéká lọ́wọ́ ń kọjá, ohun kan ṣoṣo tó ń sọ fún wa ni "Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́." Tí àlejò bá bi wá pé níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, a ò mọ̀. Wọ́n ní ońjẹ ọ̀sán ń bọ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló dé, kò sì kárí. Wọ́n ní àwọn máa san owó ọkọ̀, wọ́n gba nọ́ńbà àkáǹtì wa sórí ìwé. Títí di òní, ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Nínú àwọn tí a jọ lọ, kò sẹ́ni tó tún tẹ̀ lé mi lọ síbi ìdíje kankan fún ìgbà pípẹ́. Mo bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé èwo ló dùn wọ́n jù. Owó ni mo rò pé wọ́n máa sọ. Aránṣọ kan nínú wọn ló sọ ọ́ tó yé mi jù: "Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ní Sátidé, ọjọ́ tí àwọn oníbàárà ń wá gba aṣọ. Ká ní wọ́n rán mi níṣẹ́ ni, bó ti wù kó le tó, mi ò ní ráhùn. Mo kàn dúró gbagidi ni." Ó dá mi lójú pé òótọ́ ló sọ, nítorí mo mọ̀ ọ́n sí ẹni tó máa ń fi gbogbo òru ránṣọ láìráhùn. Ẹni tó rẹ̀ nítorí iṣẹ́ á sùn, á sì gbàgbé. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́ kì í gbàgbé.

Síbẹ̀, mi ò ní fi ẹnu dídùn sọ pé ọ̀rọ̀ owó ò sí níbẹ̀. Ẹni tó yó ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ti Ìkòròdù tàbí Agbádó wá, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹni tó sì ń jẹun látinú òwò ojúmọ́ ti pàdánù ọjọ́ kan. Èrò tèmi ni pé ìyọ̀ǹda ara ẹni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí èèyàn fi owó tirẹ̀ bọ́ ìdíje. Ẹ gbé bọ́ọ̀sì wá, ẹ fún wọn lóńjẹ lásìkò, ó tán. Àmọ́ ohun kan wà tí mo kíyè sí: níbi tí wọ́n bá ti ń pín owó lọ́wọ́ lẹ́yìn eré, ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni "Èló ni wọ́n ń san báyìí?" Bí wọn ò bá wá fi nǹkan kún un, àwọn èèyàn á máa wò ó pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Èyí tó burú jù lọ sì ni ìlérí tí wọn ò mú ṣẹ. Owó tí wọn ò ṣèlérí rárá kì í dun ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí wọ́n ṣèlérí tí wọn ò san lè pa ìfẹ́ ọdún márùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí apá mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà lára àwọn fọlọ́ńtíà 70,000 tó ṣiṣẹ́ níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2012, àwọn tí wọ́n pè ní Games Makers. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ lé ní 240,000, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni. Kò sówó oṣù, àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ló ń wá ibi tí wọ́n máa sùn fúnra wọn. Aṣọ wọn, elésè-àlùkò àti pupa, ṣì wà nínú àpótí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ayọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje parí, kò sẹ́ni tó pe òun mọ́. Wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ nígbà náà tó ń jẹ́ Join In kí irú ẹ̀mí yẹn má bàa kú, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó jókòó sílé pẹ̀lú aṣọ rẹ̀.

Ohun tó padà fà á jáde kéré gan-an sí Òlíńpíìkì. Eré kìlómítà márùn-ún tí wọ́n ń pè ní parkrun ni, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ Sátidé, nínú Burgess Park tí kò jìnnà sílé rẹ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré yìí ní Bushy Park, sárésáré 13 péré ló sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Fọlọ́ńtíà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: ẹni tó ń di aago mú, ẹni tó ń yẹ káàdì wò, ẹni tó dúró sí kọ́nà, ẹni tó ń bá ẹni ìkẹyìn rìn kó má bàa dá nìkan wà. Nígbà tí mo lọ kí i, mo bá a lọ. Òtútù ń mú mi débi pé etí mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀wù àwọ̀lékè tó ń dán. Ohun tó jọ mí lójú ni ẹ̀wù kan tí wọ́n máa ń wọ̀. Ẹni tó bá ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ nígbà 25 ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, elésè-àlùkò ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀. Owó ara rẹ̀ ló sì fi rà á!

Mo rò ó nínú ọkọ̀ òfúrufú títí. Lọ́dọ̀ wa, kí èèyàn tó ṣiṣẹ́ kankan la ti ń fún un ní jẹ́sì. Ẹni tó bá gba jẹ́sì láàárọ̀ tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ láago mẹ́jọ, òun àti ẹni tó dúró títí di aago méjì ọ̀sán, ẹ̀wù kan náà ni wọ́n wọ̀ lọ sílé. Lọ́hùn-ún, ẹ̀wù náà ń sọ fún ojú ayé pé ẹni yìí ti ń bọ̀ tipẹ́. Kì í ṣe aṣọ ni wọ́n ń lé, ipò àgbà ni, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí Yorùbá mọ̀ dáadáa.

Látìgbà náà, ẹni tó bá padà wá sídìí tábìlì mi lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òun ló máa ka páálí omi, òun ló máa kọ́ àwọn ẹni tuntun bí wọ́n ṣe ń di ike mú. Mo ní ọmọ ogún ọdún ó lé kan tí àwọn tó jù ú lọ ń bi ní ìbéèrè tí wọ́n sì ń pè ní Àńtí. Ẹ wo bó ṣe ń tún káàdì ọrùn rẹ̀ ṣe! Bí mo bá ní kó má wá mọ́, ó máa bá mi jà. Ọjọ́ kejì eré, mo máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí oníkálukú lórí WhatsApp, mi ò kì í kọ "Ẹ ṣeun gbogbo yín" kan gbogboogbò. Mo máa ń sọ ohun tí mo rí i tó ṣe: "Ìwọ lo rí obìnrin tí òòyì ń kọ́ yẹn kí àwa tó rí i, ìwọ lo sáré pe àwọn nọ́ọ̀sì." Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n rí òun kì í ṣòro láti pè lọ́dún tó ń bọ̀. Nínú oṣù mẹ́wàá tó kù nínú ọdún, mi ò jẹ́ kí wọ́n fi "fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá" kún inú gúrúùpù náà, nítorí ibi tí ariwo bá pọ̀ jù, àwọn èèyàn á yọ́ jáde.

Àwọn tí kò padà wá ńkọ́? Mo ti rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ìfẹ́ ti tán lọ́kàn wọn. Wọ́n máa ń ti títì láti òru, ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìnnà gbọ́dọ̀ wá ibi sùn sí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ kó jáde láago mẹ́rin òru, ẹ má sọ pé kò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà. Irú rẹ̀ kan wà, mo pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, mo kí i dáadáa, mo ṣàlàyé pé pálọ̀ mi ni àwọn obìnrin máa sùn ní alẹ́ Jímọ̀ àti pé bọ́ọ̀sì kan ló máa gbé gbogbo wa. Bàbá ní kò burú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló jọ wá. Irú ìṣòro báyìí, kò sí ọ̀rọ̀ ìwúrí tó lè tán an. Bọ́ọ̀sì àti ẹní ló ń tán an.

Àwọn mìíràn sì wà tí ìdíje fúnra rẹ̀ ló já wọn sílẹ̀. Ẹ wo eré ìdárayá gbogbo gbòò ti orílẹ̀-èdè wa, National Sports Festival, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973. Ó ń lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ Ògùn gbà á lálejò lọ́dún 2006, kò tún kàn wọ́n mọ́ títí di 2025. Fọlọ́ńtíà tó mọ iṣẹ́ náà dunjú lọ́dún 2006 ti di bàbá ọlọ́mọ kí wọ́n tó tún nílò rẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí sì ti sọnù. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Lójú tèmi, ìnáwó ńlá nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ ìnáwó.

Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lọ́dọ̀ wa. Ó ní Ìbàdàn lòun ti kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, lọ́dún 1999, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ wá sí Nàìjíríà tí wọ́n sì gbá nínú rẹ̀ ní Liberty Stadium. Ó ní nígbà náà, ìtìjú ìlú ló gbé òun jáde: àlejò ń bọ̀, wọn ò gbọdọ̀ bá ilé wa ní rúdurùdu. Mo bi í pé ṣé ìdí kan náà ló ṣì ń gbé wọn wá báyìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àlejò ti ń wá lọ́dọọdún, ojú ti mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, Sátidé máa ń gùn jù nílé, níbi tábìlì yìí sì rèé, àwọn ọmọdé ń bú òun pé òun ò mọ omi dì mú. Ó ní ìyẹn tó òun.

A ò lè rí gbogbo wọn dá dúró. Àwọn kan ti ṣègbéyàwó, àwọn kan ti jápa. Ọ̀kan tó lọ sí Kánádà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kan, ó wọ ẹ̀wù tó ń dán lórí kóòtù, ó na ife omi sí ẹnì kan tó ń sáré kọjá. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Mọ̀mí, wọn ò mọ̀ ọ́n dì mú níbí o. Mo ti kọ́ wọn."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ ti ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó ń na omi ti pé, àwọn tó ń ka páálí ti pé, bàbá tíṣà ti ní tábìlì àwọn àgbà sárésáré lòun fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣì ń rò ó. Ẹni tó máa gbá ọ̀rá ni mi ò tíì rí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ìgbálẹ̀ tó gùn lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì wà, ońjẹ á sì tètè dé.